Ẹ̀rín Ará Àmẹ́ríkà, Ìdọ̀bálẹ̀ Mi, àti Ọdún Ilé-Ẹ̀kọ́ Rẹ

Rùsáífà, Mẹ́kà.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Àlásárì.

Lukumọ́nù, Àjàní ọmọ mi,

Màbúrúkù! Màbúrúkù! Mo ti kí ọ kú oríire lẹ́ẹ̀mejì, bóyá n óò tún kí ọ kí ìwé yìí tó parí. Awakọ̀ tó gbé lẹ́tà rẹ wá láti Jídà kò tíì mu omi tí mo bù fún un tán tí mo ti kà á dé ibi tí o kọ ọ́ sí pé ìkámà rẹ, ìwé ìgbélùú rẹ, ti jáde, pé orúkọ rẹ àti àwòrán rẹ wà nínú rẹ̀, pé òǹtẹ̀ ìjọba wà lórí rẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní kí n tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta, mo ní, "Àlàájà, ṣé etí ń dùn ọ́ ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ìborùn nu ojú. Ọkàn mi balẹ̀, Àjàní. Kò balẹ̀ báyìí rí láti ìgbà tí mo ti wọ ìlú yìí.

Wò ó, ìlú yìí ni wọ́n bí ọ sí. O ń sọ èdè wọn ju èmi tí mo ti ń bá wọn kírun kí o tó dáyé lọ, síbẹ̀ o ṣì ní láti gba ìwé kí o tó lè rìn lójú títì láìwẹ̀yìn. Ó dáa náà. Ìwé ti dé, alihamudulilai.

Mo mọ̀ pé Lárúbáwá ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti kà. Yorùbá ni mo máa fi kọ èyí, má bínú. Tí ó bá le, kà á sókè bí mo ṣe kọ́ ọ ní kékeré. Etí rẹ á dá ohun tí ojú rẹ kò bá dá mọ̀.

Ó kan iṣẹ́ rẹ. O ní Ṣàráfíyà ni ọ́fíìsì yín wà, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta aago ọwọ́. O ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló ń wá bá yín láti Àmẹ́ríkà, àwọn eré apanilẹ́rìn-ín inú tẹlifíṣọ̀n wọn, pé ìwọ lò ń kọ ohun tí wọ́n ń sọ ní Lárúbáwá sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Ẹ gbà mí o! Èmi gbé ìgbálẹ̀ kí n tó jẹun, wọ́n ń sanwó fún ọmọ tèmi kó máa wo eré. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí.

Ṣùgbọ́n o béèrè nǹkan kan ní ìparí ìwé rẹ, ó sì pa ẹ̀rín náà mọ́ mi lẹ́nu. O ní nínú kásẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ báyìí, ṣéékì kan, ọlọ́lá Lárúbáwá olówó epo, wọ ìlú kékeré kan ní Àmẹ́ríkà, ó ra báńkì wọn, ó ra ilé oúnjẹ wọn, ó tún ń dúnàádúrà ajá olórí ìlú. O ní ọ̀gá rẹ, tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, sọ pé kí o túmọ̀ rẹ̀ bó bá ṣe wù ọ́, ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá bínú, ọrùn rẹ ló wà. O wá kọ ọ́ pé: "Bàbá, ṣé kí n yọ ibẹ̀ kúrò ni, àbí kí n kọ ọ́ bó ṣe wà? Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ yìí bọ́ lọ́wọ́ mi."

Mo ní ìdáhùn. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ fún ọ láìsọ nǹkan kan tí mo ti fi pamọ́ fún ọ láti ìgbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọ̀rọ̀ ọdún tí o kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ni. Irọ́ ni mo pa fún ọ nípa ọdún yẹn, Àjàní. Farabalẹ̀, jẹ́ kí n tò ó.

O rántí yàrá wa ní Núsílà, èyí tí omi ń ro nínú àjà rẹ̀. Owó epo ti wọ Jídà nígbà náà. Ibi gbogbo tí ènìyàn bá kọjú sí, wọ́n ń gbẹ́lẹ̀, wọ́n ń da kọnkéré, àlejò ń wọ̀ láti gbogbo ayé. Èmi ti wá ṣe Háàjì kí o tó dáyé, mo dúró, ìwé ìrìn-àjò mi ti kú, n kò ní ìkámà. Iṣẹ́ tí mo rí ni ti àgọ́ àwọn ẹnjiníà Àmẹ́ríkà tó ń ṣe ọ̀nà etí òkun. Mo ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì wọn, mo ń po tíì fún wọn.

Ọ̀gá wọn ni Místà Dénì, tí ìwọ náà wá mọ̀ lẹ́yìn náà, ọkùnrin pupa kan báyìí tí oòrùn ń bó lára. Ènìyàn dáadáa ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun á fọwọ́ sí ìwé fún mi, kí kàfíìlì ilé iṣẹ́ wọn, ìyẹn ọmọ onílẹ̀ tó ń dúró fún àlejò lọ́dọ̀ ìjọba, lè bá mi gba ìkámà. Mo sì nílò rẹ̀ bí ẹni nílò omi. O ti parí lọ́dọ̀ àáfà tí kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ fi ọ́ sí ní tí a kò bá mú ìkámà bàbá wá kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, tí mo bá kírun dé, àwọn ẹnjiníà yìí á ti kóra jọ sí yàrá oúnjẹ, wọ́n á ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. Eré kan wà tí wọ́n fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ọkùnrin oníkùn kan ni, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò. Mọ́tò tirẹ̀ gùn gbọọrọ, epo kì í yó o. Aládùúgbò rẹ̀ lọ ra mọ́tò kékeré láti Jàpáànù, oníkùn sì fi ṣẹ̀sín fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, títí epo fi tán nínú tirẹ̀ tó sì ní láti bẹ aládùúgbò kó gbé òun. Wọ́n ká a pọ̀ sínú mọ́tò kékeré náà, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n.

Ní ọ̀sẹ̀ mìíràn, àwọn ará Jàpáànù ra ilé iṣẹ́ tí oníkùn ń bá ṣiṣẹ́. Ọ̀gá tuntun tẹríba kí i, òun náà tẹríba, ó forí sọ tábìlì, gbàgà! Ọ̀gá tún tẹríba, òun náà tún tẹríba, gbàgà! Àwọn ẹnjiníà mi rẹ́rìn-ín débi pé kọfí ń gba imú wọn jáde. Àwọn kan tún wà nínú tẹlifíṣọ̀n náà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín tí n kò rí wọn. Mo béèrè, wọ́n ní ẹ̀rín tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni, kí ẹni tó wà nílé lè mọ ibi tó yẹ kó ti rẹ́rìn-ín. Mo ní háà, ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ̀rín yín náà ní ẹ̀rọ!

Bí mo ṣe dúró sí ẹ̀yìn wọn pẹ̀lú abọ́ tíì, ohun tí mo rò ni pé inú wọn dùn sí ọ̀rọ̀ Jàpáànù yìí. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín, ṣebí inú rẹ̀ dùn ni. Òmùgọ̀ ni mí.

Ọ̀sẹ̀ kejì rẹ̀, àlejò dé sí àgọ́. Apá kìíní ọ̀nà náà ti ń parí lọ, wọ́n fẹ́ gbé apá kejì fún ẹni tó bá lè ṣe é, àwọn ará Jàpáànù sì wá wo ibẹ̀. Ọ̀gá ìjọba kan, ọmọ onílẹ̀, ló mú wọn wá. Místà Dénì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tò lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rín sójú. Mo gbé tíì wọlé. Àgbà láàárín àwọn ará Jàpáànù, tí irun orí rẹ̀ funfun bí òwú, rí mi, ó tẹ orí rẹ̀ ba díẹ̀. Èmi, agbálẹ̀! Láti ọdún méjì tí mo ti wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó kí mi bẹ́ẹ̀ rí.

Mo gbé abọ́ tíì sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan ilẹ̀.

Ọ̀wọ̀ wà nínú ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, Ọlọ́run mọ̀. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi láti kí àgbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo fẹ́ pa wọ́n lẹ́rìn-ín pẹ̀lú. Mo rántí oníkùn àti tábìlì rẹ̀. Mo ní inú Místà Dénì á dùn, á tọ́ka sí mi, á ní ẹ wo Àlàájì wa, òun náà mọ eré yìí. Mo wà nílẹ̀ tí mo ń retí ẹ̀rín, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọmọ onílẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó pariwo, "Asitagafurulai! Ọlọ́run nìkan ni kí o forí kanlẹ̀ fún, ọkùnrin yìí!" Ó rò pé ìforíkanlẹ̀ ìrun ni mo ṣe fún ènìyàn, ní ilẹ̀ tí Káábà wà. Àgbà ará Jàpáànù kò mọ ohun tí yóò ṣe, ó ń tẹríba, ó tún ń tẹríba. Mo gbójú sókè wo Místà Dénì. Ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ̀rín kò sí níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, mo ti ń kí ọ̀gá tuntun káàbọ̀ kí òun tó di ẹrù òun.

Ìwé mi wà lórí tábìlì rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìfọwọ́sí nìkan ló kù. Ó fi sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í. Nígbàkigbà tí mo bá béèrè, ó ní ọwọ́ òun dí. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ kọjá. Mo wálé, mo sọ fún ọ pé ilé-ẹ̀kọ́ ní àyè ti kún. O wò mí, o ní, "Bàbá, ṣé nítorí máàkì mi nínú ìṣirò ni?" Lukumọ́nù, mo jẹ́ kí o gbà á bẹ́ẹ̀. O lọ kọjú sí ògiri, o sunkún, èmi bàbá rẹ sì jókòó síbẹ̀ tí mo ń wò ọ́.

Irọ́ yẹn ni mo fẹ́ jẹ́wọ́. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ìṣirò rẹ. Èmi ni.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, Místà Dénì pè mí. Ó ní, "Àlàájì, ọdún méjì lo ti ń po tíì fún mi, o kò dùbúlẹ̀ fún mi rí. Ìṣẹ́jú kan lo rí ará Jàpáànù, o ti wà nílẹ̀." Mo fi Gẹ̀ẹ́sì mi tí kò já gaara dá a lóhùn pé, "Ọ̀gá, irun rẹ̀ funfun. Ẹ̀yin, èmi ló ṣáájú yín dáyé. Tí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún yín, èpè ni wọ́n á kà á sí nílé wa." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, tó fi gbé orí lé tábìlì.

Nígbà tó dákẹ́, ó sọ fún mi pé àbúrò òun ló ń gba àwọn eré wọ̀nyẹn sílẹ̀, tó ń fi wọ́n ránṣẹ́. Àbúrò náà ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò, bíi ti oníkùn. Wọ́n ti ibẹ̀ pa, nítorí mọ́tò kékeré ni gbogbo ènìyàn ń rà. Ilé ló jókòó sí lọ́sàn-án gangan, tó ń gba àwàdà sílẹ̀. Místà Dénì ní òun náà ń bẹ̀rù pé apá kejì ọ̀nà yìí á bọ́, kí òun má lọ jókòó tì í. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó fọwọ́ sí ìwé mi níṣojú mi. Ohun tó ń bẹ̀rù náà kúkú ṣẹlẹ̀, àwọn ará Jàpáànù ló gba iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ìkámà mi ti jáde kó tó lọ, ọdún ilé-ẹ̀kọ́ rẹ nìkan ló ti bọ́.

Lọ́jọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ fún mi yẹn, bí mo ṣe ń bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo rántí àwa fúnra wa ní Núsílà. O rántí bọ̀dá Sáká, ará Ìwó, tó máa ń ṣe bí ọlọ́pàá? Á fi aṣọ ìnura wé orí, á máa yan fanda, á dojú kọ wá lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní, "Féènì ìkámà? Ìkámà dà?" A ó rẹ́rìn-ín títí a ó fi ṣubú lé ara wa, ìyá rẹ á ní ẹ má pa mí. Kò sí ẹnì kan nínú yàrá yẹn tó ní ìkámà. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín jù ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ mú lánàá. Mo jókòó nínú bọ́ọ̀sì, mo ní áà, ṣé ohun tí àwọn ará Àmẹ́ríkà yìí náà ń ṣe nìyí!

Nítorí náà, gbọ́ ìmọ̀ràn mi.

Èkíní. Tí o bá ń wo àwọn eré yìí, má tẹ̀ lé ẹ̀rín ẹ̀rọ. Wo ibi tí ẹni gidi bá ti rẹ́rìn-ín ju ẹ̀rọ lọ, kí o sì béèrè pé kí ló bà á lẹ́rù níbẹ̀. Wọ́n ti fi ọdún pípẹ́ jẹ́ ọ̀gá nínú ọjà ayé. Ní báyìí wọ́n ń tò lórí ìlà kí wọ́n tó rí epo rà, mọ́tò ẹlòmíràn ń gba ojú títì wọn. Wọn kò lè sọ ọ́ lójú ara wọn pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọ́n fi ṣe eré.

Èkejì. Ṣéékì inú eré yẹn, mo ti rí irú rẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì Místà Dénì. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún un jọ kọ́tìnì, kò mọ nǹkan kan ju kó máa fa owó yọ. Ará Jàpáànù tiwọn ń tẹríba ṣáá ni, kì í bínú, kò lọ́mọ, kò láya. Èyí tí èmi fojú rí yàtọ̀. Ọmọ onílẹ̀ tó mú àlejò wá lọ́jọ́ náà fi awò sójú, ó ń ka ìwé àdéhùn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará Jàpáànù jókòó sínú oòrùn, wọ́n ń ka nọ́ọ̀tì irin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń kọ eré náà mọ̀ pé bí wọ́n ṣe rí nìyẹn. Tó bá gbé wọn síta bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín.

Fún ìdí èyí, kọ ọ́ bó ṣe wà. Má fi èébú tìrẹ kún un, má sì fi oyin sí i. Bí ìwọ bá yọ ṣéékì náà kúrò, ẹ̀rù tó wà nínú eré náà ti bá a lọ, kò sì sí ohun tí ará Jídà máa rí kọ́ nípa ará Àmẹ́ríkà mọ́. Ṣùgbọ́n kí kásẹ́ẹ̀tì náà tó jáde, mú ọ̀gá rẹ jókòó, kí ẹ jọ wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó bá ní kí o yọ ọ́, yọ ọ́, òun ló ni ọ́fíìsì. Kó ṣáà ti jẹ́ òun ló ní kí o ṣe é. Má yọ nǹkan ní kọ̀rọ̀ nítorí ìbẹ̀rù pé iṣẹ́ á bọ́. Èmi yọ nǹkan ní kọ̀rọ̀ fún ọ nígbà kan, mo ní ó kéré, o sì rí i bó ṣe pẹ́ tó lọ́rùn mi.

Mo tún ní èyí tí mo fẹ́ sọ nípa àwàdà. Má gba àwàdà tí ẹnì kan fi ara rẹ̀ ṣe kí o lọ bá a ṣe é. Oníkùn lè forí sọ tábìlì, tiwọn ni. Lọ́jọ́ tí èmi fẹ́ bá wọn ṣe é, ó di ẹ̀gbin. Bí ọ̀gá rẹ bá fi àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, rẹ́rìn-ín músẹ́, kí o máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Jọ̀wọ́, rántí jẹun lọ́sàn-án. Ìyá rẹ ló ní kí n kọ ìyẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ṣebí ọdún tí Lukumọ́nù jókòó nílé yẹn ni Místà Dénì jẹ́ kó máa wá wo eré ní Jímọ̀, ṣebí ibẹ̀ ló ti gbọ́ èdè wọn, ṣebí èdè yẹn ló fún un ní iṣẹ́ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi ìyẹn wẹ ara mi mọ́. O sunkún nítorí ohun tí kò sí lọ́rùn rẹ, mo sì ń wò ọ́. Bàbá kì í sábà bẹ ọmọ nílé wa, èmi ń bẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, Àjàní, dárí jì mí.

Ó tán. Ara mi fúyẹ́, ó dà bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìkámà rẹ pẹ́ lọ́wọ́ rẹ, kó má sì jẹ́ kí o rí ọlọ́pàá kí o tún sá. Ìyá rẹ kí ọ, èmi náà kí ọ.

Èmi bàbá rẹ tó bí ọ,
Àlàájì Ràímì.

Mo tún ṣí àpòòwé yìí ni o, má wò ó pé ó ya. Mo ní kí n ka lẹ́tà náà sí ìyá rẹ létí kí awakọ̀ tó dé, torí òun náà kò mọ ọ̀ràn yìí, tàbí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ ni mo rò. Ó gbọ́ ọ tán, kò yí ojú padà. Ó ní, "Lukumọ́nù mọ̀." Mo ní mọ kí ni? Ó ní ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ tí o tẹ̀ lé mi lọ sí àgọ́, àwọn alásè ti nàka sí ọ pé ọmọ ẹni tó dọ̀bálẹ̀ nìyí, wọ́n sì ro gbogbo rẹ̀ fún ọ. Ó ní o wálé, o sọ ọ́ fún òun ní Lárúbáwá kí èmi má baà gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, pé kí òun má jẹ́ kí n mọ̀ pé o mọ̀, ojú á ti Bàbá.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá! Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo ń fi pamọ́ fún ọ tí ìwọ náà ń fi pamọ́ fún mi, a sì jọ ń jẹun nínú abọ́ kan. Mo bi ìyá rẹ pé kí ló dé tí òun náà kò sọ. Ó ní òun ń wò ó bóyá èmi fúnra mi á sọ ọ́ lọ́jọ́ kan. Àjàní, mo sunkún, n kò tijú láti kọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo mú lẹ́tà yìí kí n ya á, mo ní kí ni mo tún fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọmọ tó ti mọ ohun gbogbo. Ìyá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ó ti pẹ́ tí o ti ń retí rẹ̀.